Ìlà méjì lórí ike àyẹ̀wò: ìjà tí sójà ara ń bá àrùn mẹ́dọ̀wú C jà

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Nyanya. Ọmọ Ìkìrun ni wọ́n, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n sì ń ṣe láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti dé Abuja. Lọ́jọ́ Àìkú kan lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn pe àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé kí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gún bàbá ní ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike kékeré, kò sì pẹ́ tí ìlà méjì fi yọ. Wọ́n kọ "HCV positive" sórí ìwé, ìyẹn ni pé àyẹ̀wò tọ́ka sí mẹ́dọ̀wú C, wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá lọ. Ọsibítù tí wọ́n lọ wo ìwé náà, wọ́n kọ fítámì fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa sinmi. Ó parí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ìyá yọ ife àti àwo wọn sọ́tọ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni bàbá fi ń dá jẹun nínú ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe. Ìyá ló wá bi mí léèrè bóyá àrùn náà máa ń gba ara aṣọ ìbora ràn ènìyàn. Mo ní kí wọ́n mú ìwé náà wá, ìgbà tí mo sì rí i pé àyẹ̀wò kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe láti oṣù mẹ́jọ, ó dùn mí gan-an. Ìlà kejì tó yọ lórí ike yẹn kò rí kòkòrò àrùn kankan. Ohun ìjà tí ara bàbá rọ nígbà tí kòkòrò náà wọlé, tí wọ́n ń pè ní áńtíbọ́dì, ló rí. Ó lè jẹ́ pé ọ̀tá ṣì wà nínú ilé, ó sì lè jẹ́ pé ó ti sá lọ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ike náà kò lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá di kánjúkánjú báyìí, nítorí pé àyẹ̀wò ti ń pọ̀ sí i. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Project 365, láti yẹ àwọn ènìyàn wò kí wọ́n sì tọ́jú wọn, kí mẹ́dọ̀wú C lè kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2030. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni àyẹ̀wò wọn tọ́ka sí mẹ́dọ̀wú C, nígbà tí ti B jẹ́ ìdá 8.1. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lè dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí a jẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí ètò bá ń gún ènìyàn ní ìka láti Gwagwalada dé Kano, ọ̀pọ̀ ìwé bíi ti bàbá yìí ni yóò wọ inú ilé, àwọn tó ń gbà á sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ rẹ̀ ká. Mẹ́dọ̀wú, tí àwọn mìíràn ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ni gbogbo àìsàn tó ń mú ẹ̀dọ̀ wú. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níhìn-ín ń pè é ní ciwon hanta, bí ojú bá sì ti pọ́n bí àdí, wọ́n á ní shawara ni. Orúkọ wọ̀nyí kó oríṣiríṣi àìsàn pọ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa A yàtọ̀, ti B yàtọ̀, ti C náà yàtọ̀, wọn kì í sì ṣe mọ̀lẹ́bí ara wọn. Bí ara ṣe ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan jà náà kò jọra.

C ló fara pa mọ́ pẹ́ jù fún àwọn onímọ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Harvey Alter ní Amẹ́ríkà ń rí àwọn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára tí ẹ̀dọ̀ wọn ń wú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe A, kì í ṣe B. Orúkọ tí wọ́n sì fún un nìyẹn: èyí tí kì í ṣe A tí kì í ṣe B. Ní 1989 ni Michael Houghton àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tó rí i mú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i wú mi lórí títí dòní. Wọn ò lè fi awò rí i, wọn ò lè sìn ín nínú ìgò. Wọ́n kó àjákù oríṣiríṣi láti inú ẹ̀jẹ̀ ìnàkí tó ní àrùn náà, wọ́n wá da áńtíbọ́dì ẹni tó ń ṣàìsàn náà lé e lórí, wọ́n ń wo èyí tí áńtíbọ́dì yóò rọ̀ mọ́. Ara aláìsàn ti dá ọ̀tá mọ̀ kí ọ̀mọ̀wé kankan tó dá a mọ̀. Charles Rice ló wá fi hàn ní 1997 pé kòkòrò yìí nìkan tó láti dá àìsàn náà sílẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pín ẹ̀bùn Nobel ní 2020.

Báwo ni ìjà náà ṣe ń lọ nínú ara? Kòkòrò C ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé, ó sì ń lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀dọ̀ ní bí agogo ìkìlọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá kófìrí RNA àjèjì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí kòkòrò náà fi ń bí ara rẹ̀, ó yẹ kí iṣẹ́ ìkìlọ̀ gba orí wáyà kan lọ, kí sẹ́ẹ̀lì tú interferon jáde láti ta àwọn aládùúgbò lólobó pé olè ti wọlé. Orúkọ tí wọ́n ń pe wáyà yìí ni MAVS. Kòkòrò C mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní ayùn kan lọ́wọ́, NS3/4A, tó fi ń rẹ́ àwọn èròjà ara tirẹ̀ sí ìwọ̀n tó yẹ, bí káfíńtà ṣe ń rẹ́ pákó. Ayùn yẹn kan náà ló fi ń gé wáyà ìkìlọ̀. Irinṣẹ́ tó fi ń kọ́ ilé ara rẹ̀ ló tún fi ń pa iná ilé onílé. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún bàbá, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ọ̀jáfáfá ni."

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo agogo ló ń kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ṣì ń tú interferon jáde, agbára èyí kò sì rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Ní 2009, àwọn onímọ̀ rí i pé ìyàtọ̀ kékeré kan nínú àjogúnbá, nítòsí àwọn jíìnì tó ń ṣètò oríṣi interferon kan, ń ṣe púpọ̀ láti sọ ẹni tí yóò lé kòkòrò yìí jáde fúnra rẹ̀ àti ẹni tí kò ní lè ṣe é. Èyí tó dára jù nínú ìyàtọ̀ náà kò wọ́pọ̀ láàárín àwa ọmọ Áfíríkà tó bí ó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù àti Éṣíà. Kò túmọ̀ sí pé a kì í yè é. Ó kàn túmọ̀ sí pé kí àwa má ṣe fi ọwọ́ lẹ́rán máa retí kí ara yanjú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì ni àwọn T-cell, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lórí ọ̀tá kan pàtó. Wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. CD4 ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ tó sì ń fún àwọn yòókù lókun. CD8 ni àwọn tó ń lọ fojú kojú pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tí àrùn ti wọ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ìnàkí ní 2003, wọ́n mú àwọn ìnàkí tó ti là á já tẹ́lẹ̀, wọ́n yọ CD8 kúrò lára wọn, wọ́n sì tún fi kòkòrò náà sí wọn lára. Kòkòrò náà kò kúrò títí CD8 fi padà dé. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ọwọ́ T-cell ni ìṣẹ́gun wà, kì í ṣe ọwọ́ áńtíbọ́dì. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń pẹ́ dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kòkòrò ti kún inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn T-cell kì í yọjú dáadáa sójú ogun títí ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún sí mẹ́sàn-án. Lára ẹni tí wọ́n bá pọ̀, tí wọ́n lágbára, tí wọ́n sì kọjú sí ibi púpọ̀ lára kòkòrò náà lẹ́ẹ̀kan náà, kòkòrò á kúrò láàárín oṣù mẹ́fà. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó kó o, nǹkan bí mẹ́ta ló ń rí bẹ́ẹ̀, láìsí oògùn kankan. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ogun jà nínú àwọn rí, nítorí pé nínú ẹni mẹ́wàá, mẹ́jọ kì í ní àmì kankan níbẹ̀rẹ̀.

Àwọn méje yòókù ń kọ́? Kòkòrò yìí ní RNA tó gùn tó lẹ́tà 9,600, ẹ̀rọ tó fi ń da á kọ kì í sì padà wo àṣìkọ rẹ̀. Lójoojúmọ́, nínú ara ẹnì kan ṣoṣo, ó lè bí tó tírílíọ̀nù kan ọmọ tuntun, àṣìkọ sì wà lára àìmọye wọn. Àwọn tí àṣìkọ bà jẹ́ á kú. Àwọn mìíràn á wá ní ojú tuntun, pàápàá níbi tí áńtíbọ́dì ti máa ń dì wọ́n mú. Bí ara bá fi máa rọ áńtíbọ́dì tó bá ojú àná mu, ọ̀tá ti wọ ẹ̀wù mìíràn. Ó tún máa ń fi ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bo ara, kí sójà tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà rò pé ọ̀rá lásán ló ń kọjá. Ìdí nìyí tí áńtíbọ́dì fi lè kún inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fọ́fọ́ tí kò sì ní dáàbò bò ó.

Ó rẹ àwọn T-cell náà nígbẹ̀yìn. Ogun tí kì í tán kì í jẹ́ kí sójà mú ṣinṣin. Lẹ́yìn oṣù àti ọdún tí wọ́n ti ń rí ọ̀tá kan náà lójoojúmọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun kan bíi bíréèkì sí ara wọn, tí wọ́n ń pè ní PD-1. Wọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì ń rìn nínú ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè pa á mọ́. Ara dá bíréèkì yìí sílẹ̀ nítorí àánú ara rẹ̀ ni o. Bí CD8 bá fi gbogbo agbára jà nínú ẹ̀dọ̀ tí àrùn ti gbà tán, ẹ̀dọ̀ náà yóò bá a lọ.

Èyí ló gbé wa dé ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kòkòrò C fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń lé e tí wọn ò lé e tán ni wọ́n ń ba ibẹ̀ jẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kú, òmíràn á rọ́pò rẹ̀. Ọgbẹ́ á san, á dá àpá. Ọdún dé, ọdún lọ, àpá ń gun orí àpá, títí ẹ̀dọ̀ á fi le, tí á ṣùpọ̀ jọ bí awọ tí oòrùn sá. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí àrùn náà bá pẹ́ lára wọn, 15 sí 30 ló ń dé ibẹ̀ láàárín ogún ọdún, láti ibẹ̀ sì ni omi ti ń kún ikùn, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì ti lè yọ. Ọtí ń mú un yá, kòkòrò HIV náà ń mú un yá. Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ̀dọ̀ kì í dun ènìyàn. Àárẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ, ta ni kì í sì í rẹ̀ ní ìlú tí a ti ń jí ní aago mẹ́rin kí gosiló má bàa ká wa mọ́ ojú ọ̀nà Keffi? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé ènìyàn tó tó 242,000 ni mẹ́dọ̀wú C pa ní ọdún 2022.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ike àyẹ̀wò. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú ni pé wọ́n ti gbọ́ nípa B. Fún B, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ẹni tó bá sì ní oríṣi áńtíbọ́dì tó yẹ ti bọ́. Fún C, áńtíbọ́dì kò dúró fún ààbò, kò sì dúró fún àìsàn. Ẹ̀rí pé a ti pàdé rí ni. Ó lè wà lára ènìyàn títí ọjọ́ alẹ́, yálà ara ló lé kòkòrò jáde ni tàbí oògùn. Ní ìdà kejì, ẹni tó kó o lóṣù tó kọjá lè má tíì ní áńtíbọ́dì kankan, nítorí pé ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 11 kó tó hàn. Ẹni tí HIV ti jẹ agbára sójà ara rẹ̀, tàbí tó ń lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín, lè má rọ ọ́ rárá.

Nítorí náà, àyẹ̀wò kejì ṣe pàtàkì, èyí tó ń wá RNA kòkòrò náà gan-an. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba lè ṣe é, bí katíríìjì, ìyẹn ike tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣe àyẹ̀wò C, bá wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá rí RNA, àrùn ń bẹ. Bí wọn ò bá rí i, ó ti lọ. Ọsibítù tó bá fi ìlà méjì nìkan rán ènìyàn lọ sílé kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí bi wọ́n léèrè láìtijú: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè ṣe ti RNA?"

Ìtọ́jú náà ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn sójà yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́rẹ́ interferon ni wọ́n ń fún aláìsàn, ìyẹn ni pé wọ́n ń na ọmọ ogun tó ti rẹ̀ ní pàṣán kó lè tún dìde jà. Ó ń gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ó ń fa ibà, ó ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó burú, nǹkan bí ìdajì àwọn tó gbà á ló sì ń ràn lọ́wọ́. Láti 2013 tí sofosbuvir ti dé, ọ̀nà ti yí padà. Oògùn oníhóró ni, wọ́n sì sábà máa ń lò ó pẹ̀lú daclatasvir. Kò bá sójà sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ̀rọ tí kòkòrò fi ń da RNA rẹ̀ kọ ló dojú kọ. Àwọn oògùn mìíràn ń ba ayùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́. Ọ̀sẹ̀ 12 ló sábà máa ń gbà, ìwòsàn sì ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn C, kó yẹ B wò. Bí méjèèjì bá jọ ń gbé nínú ẹ̀dọ̀ kan, ariwo ìjà C máa ń bo B mọ́lẹ̀. Bí C bá lọ lójijì, tí ibẹ̀ dákẹ́, B lè jí kó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ kíákíá. Àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa èyí láti 2016. Ní ilẹ̀ tí B ti pọ̀ bí ti wa yìí, kì í ṣe ìkìlọ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìwòsàn kì í sì í ṣe àjẹsára. Àwọn T-cell tó ti rẹ̀ kì í fi gbogbo agbára wọn padà lẹ́yìn tí kòkòrò ti lọ, ẹni tó ti gbádùn sì lè tún kó o bí abẹ́rẹ́ tàbí abẹ ẹlòmíràn bá tún kàn án lẹ́jẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú àjẹsára tó ń kọ́ T-cell ṣáájú. Èsì tó jáde ní 2021 láti Amẹ́ríkà fi hàn pé ó jí àwọn T-cell lóòótọ́, kò sì dènà kí àrùn pẹ́ lára. Kò sí àjẹsára C títí di báyìí.

Ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà. Ife kì í ran án, àwo kì í ran án, aṣọ ìbora kì í ran án, ìdìmọ́ra kì í ran án. Ẹ wo ohun tó ń kan ẹ̀jẹ̀ wa ní apá òkè níhìn-ín: abẹ wanzami tó fá orí ẹni mẹ́wàá láàárọ̀ kan, ìwo tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀, gbẹ́rẹ́, ilà abẹ́ ọmọdé, abẹ́rẹ́ àtúnlò ní kẹ́míìsì ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò yẹ̀ wò dáadáa kí wọ́n tó fà á sí aboyún lára. Íjíbítì ni ẹ̀rí tó tóbi jù. Láti àwọn ọdún 1950 títí di bí 1980, ìjọba wọn ń gún àwọn ará abúlé lábẹ́rẹ́ láti fi wo àtọ̀sí ajá, sìríńjì onígíláàsì kan náà sì ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ìlera ló tan mẹ́dọ̀wú C ká orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan náà ló wá yẹ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wò láti 2018, wọ́n sì tọ́jú àwọn tí wọ́n rí i lára wọn, débi pé WHO fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ ní 2023 gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó dé ipò wúrà lójú ọ̀nà àti lé e kúrò nílẹ̀.

Bàbá ṣe àyẹ̀wò RNA. Ó wà níbẹ̀. Wọn ò sí lára àwọn mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí sójà ara wọn borí, wọ́n sì ní àwọn rántí gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín fún àwọn àti àbúrò méjì pẹ̀lú abẹ kan náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọ́n ti pe àwọn àbúrò náà lórí fóònù, ọ̀kan ní Ìkìrun, èkejì ní Sabon Gari ní Kano. Àyẹ̀wò B wọn fi hàn pé kò sí. Ẹ̀dọ̀ wọn ní àpá díẹ̀, kò tíì le. Wọ́n lo oògùn ọ̀sẹ̀ 12, kò sì sí ọjọ́ tí ìyá jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Lẹ́yìn tí wọ́n lò ó tán, wọ́n ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ 12 mìíràn kí wọ́n tó tún wá RNA, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè sọ pé ó ti lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Mo ti sọ fún wọn pé bí èsì yẹn bá dára, kí wọ́n fi ìwé náà sínú ọ̀rá, kí wọ́n pa á mọ́ sí ibi kan náà pẹ̀lú káàdì ìdìbò wọn. Ibikíbi tí wọ́n bá tún ti gún wọn ní ìka lọ́jọ́ iwájú, ìlà méjì náà ni yóò máa yọ.